Ìjàkadì Orí Rọ́ọ̀gì

Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á sáré lọ pe ọlọ́pàá ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí ìjàkadì orí tẹlifíṣàn bá ti parí báyìí, Káfíńtà á ti tábìlì àárín pálọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Oníbúrẹ́dì ìyàwó rẹ̀ á yọ yẹtí rẹ̀, á kó o sínú ife, tọkọtaya á wá kọjú síra wọn lórí rọ́ọ̀gì bí ẹni tó fẹ́ para wọn jẹ. Wọ́n á fa ara wọn lápá, wọ́n á kọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀, ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ á balẹ̀ gbìì! Àwọn àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n. Ìyá Ìsàlẹ̀, ìyá àgbà tó ń gbé yàrá abẹ́ tiwọn, á fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà rẹ̀, á pariwo pé, "Ẹ má wó ilé lù mí lórí o, ẹ̀yin ọmọ yìí!" Àwọn méjèèjì á wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú wọn.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe ni wọ́n ti pàdé. Àwọn tí kò ní tẹlifíṣàn nílé máa ń dúró síbẹ̀ wo ìjàkadì lọ́fẹ̀ẹ́. Káfíńtà ń gbè sẹ́yìn Gìrìpá, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Oníbúrẹ́dì ń gbè sẹ́yìn Ejò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rò pé àwọn ti dì í mú níhìn-ín, ọ̀hún ni wọ́n máa bá a. Wọ́n bá ara wọn jiyàn títí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fi pa tẹlifíṣàn mọ́ wọn lójú. Iyàn yẹn ò tíì parí tí wọ́n fi ṣègbéyàwó. Tẹlifíṣàn ni wọ́n kọ́kọ́ rà sínú ilé, kí bẹ́ẹ̀dì tó dé, torí Káfíńtà ní kò sí ẹni tó máa ta bẹ́ẹ̀dì fún òun láyé yìí, òun á kan án fúnra òun.

Òfin kan ṣoṣo ni eré náà ní. Lórí tẹlifíṣàn, rẹfirí wà tó máa ń là wọ́n. Ní pálọ̀ tiwọn, kò sí rẹfirí, kò sí ẹni tó máa là wọ́n, ni wọ́n bá ṣe òfin ara wọn: bí ara bá ni ẹnì kan, kó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀, pà, pà, pà. Bí ẹnì kejì bá ti gbọ́ ọ, kó tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà ku díẹ̀ báyìí kó borí. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, bí orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti tì.

Oníbúrẹ́dì ló sì máa ń borí jù. Ẹ má ṣe fojú kéré apá obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun. Ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń pò ó, kì í ṣe ẹ̀rọ. Á gbé ìyẹ̀fun tútù náà sókè, á là á mọ́ orí pákó, á fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, á ká a, á tún là á mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe títí òógùn á fi máa ro tótó. Obìnrin tó ń fi odidi ọ̀sẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé Káfíńtà tó tinrin bí igi àsíá ni kò ní lè gbé ṣánlẹ̀? Inú Káfíńtà sì máa ń dùn sí i nígbà yẹn. Á máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, "Ìyàwó mi lè gbé mi léjìká sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn." Ó fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa bí èèyàn nínú títí dòní nìyẹn.

Ayùn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, tàbí ká sọ pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún ohun tó ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ayùn ni wọ́n ń pe káfíńtà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́, torí ẹnu rẹ̀ tó mú. Ní ọ̀sán Àìkú kan, ó gbé àkàbà tó yá wá dá padà, kò kan ilẹ̀kùn, ló bá bá Káfíńtà tó dojú bolẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì tí ìyàwó rẹ̀ jókòó gẹlẹtẹ sí i lẹ́yìn. Ayùn ju àkàbà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oníbúrẹ́dì náà bá a rẹ́rìn-ín, ó sì dìde lọ bu omi tútù fún un mu.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, gbogbo ibi iṣẹ́ ti gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyàwó Oníbúrẹ́dì!" Ayùn ló ń kí Káfíńtà bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé wọ́n ti pò ọ́ láàárọ̀ yìí, àbí o ṣì ń wú lọ́wọ́?"

Ẹ̀rín pa àwọn tó ń fági kú. Ẹnì kan ní kí wọ́n rọra gbé e síbi tí òòrùn ò ti ní pa á, kó má baà kan. Oníbàárà kan tó wá wo àga tó ní kí wọ́n kàn náà rẹ́rìn-ín. Káfíńtà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì kan ìṣó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́. Wọn ò jẹ́ kó gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá gbé pákó tó wúwo, wọ́n á ní kó lọ pe ìyàwó rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ dé, wọ́n á ní ó ṣì wà nínú ààrò.

Ní Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó borí. Ó fi orúnkún tẹ ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn, ó ká apá rẹ̀ sókè, ó ń fà á. Oníbúrẹ́dì lu ilẹ̀. Kò tú u sílẹ̀. Ó tún lu ilẹ̀, ó lù ú kíkan kíkan. Ìgbà tí nǹkan kan dún kọ́ nínú èjìká rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ tó dìde.

"O ò gbọ́ ni?" Oníbúrẹ́dì di èjìká rẹ̀ mú.

"Mo gbọ́. Mo ṣebí o ṣì ní agbára díẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́. Oníbúrẹ́dì náà wá rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kó rẹ́rìn-ín ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń mọ̀? Èèyàn rò pé eré lòun ń ṣe, ó fẹ́ kí eré náà dùn, ó rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ìjàkadì ò mọ sí ọjọ́ Àìkú mọ́. Ó lè máa fọ abọ́ lọ́wọ́ nínú kíṣìnnì kí apá kan ti ẹ̀yìn wá fún un lọ́rùn. "Ìjàkadì!" Ohun tí Káfíńtà máa ń sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti lè sọ ọ́, ó parí, ó ti di eré nìyẹn, ẹni tó bá bínú ni kò mọ eré. Ó gbá a lórí mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì: ìjàkadì. Ó tì í látorí àtẹ̀gùn, ìyàwó rẹ̀ sì fi ẹ̀yìn gbá igi àtẹ̀gùn méjì kó tó rí nǹkan dì mú: ìjàkadì. Ó fi eyín bọ̀ ọ́ léjìká títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ìyẹn náà, ìjàkadì ni, Ejò ṣá máa ń buni jẹ lórí tẹlifíṣàn. Oníbúrẹ́dì máa ń lu ilẹ̀, lu ògiri, lu etí ìkòkò, lu ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà. Nígbà míì ọkọ rẹ̀ máa ń tú u sílẹ̀. Nígbà míì ó máa ń kọ orin kan tán lẹ́nu kó tó tú u sílẹ̀. Wọ́n ṣì jọ máa ń wo ìjàkadì orí tẹlifíṣàn o, àmọ́ Káfíńtà ò pariwo mọ́. Á kàn jókòó síwájú lórí àga, á máa wo bí Gìrìpá ṣe ń fún èèyàn lọ́rùn bí ẹni tó ń wo ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé búrẹ́dì, ọ̀gá Oníbúrẹ́dì, obìnrin tí iná ààrò ti jó irun ojú rẹ̀ dànù láti ọjọ́ pípẹ́, pè é sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun.

"Kí ló ṣe ọrùn ẹ?"

"Eré ni, mà. Èmi àti ọkọ mi máa ń ṣe ìjàkadì."

"Ta ló ń borí?"

"Èmi ni, tẹ́lẹ̀."

Ọ̀gá náà wò ó títí. "Bọ́rọ̀ bá sú ẹ, wá bá mi," ó ní, ó sì padà sídìí ààrò rẹ̀.

Nígbà tí ìka ọwọ́ òsì Oníbúrẹ́dì wá kán nínú ìjàkadì kan, Káfíńtà sunkún. Ó sunkún gidi, ikun ń yọ nímú rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ohun tó ṣe òun. Ó gé pákó pẹlẹbẹ méjì, ó fági rẹ̀, ó fi ìwé ìfági dán an títí ó fi ń tàn, ó fá etí rẹ̀ kó má baà gún un, ó sì fi bándéèjì dì í mọ́ ìka náà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má rò ó sí. Ọwọ́ rẹ̀ ò wúwo rárá bó ṣe ń dì í. Àwọn ará ilé búrẹ́dì ń gbé ọwọ́ Oníbúrẹ́dì wò, wọ́n ní, "Áà, ọkọ ẹ mà fẹ́ràn ẹ o," òun náà ń fi í hàn wọ́n. Kò lè po ìyẹ̀fun mọ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n fi í sí ibi tí wọ́n ti ń fi búrẹ́dì sínú ọ̀rá.

Ẹ̀rù ń bà á. Kì í ṣe ìrora ló ń bà á lẹ́rù, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò mọ ìrora. Ohun tó ń rò bó ṣe ń fi búrẹ́dì sínú ọ̀rá ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun á lu ilẹ̀ tí ọkọ òun ò ní tú òun sílẹ̀ rárá, kò sì ní sí ẹnì kankan tó máa mọ̀ pé kì í ṣe eré. Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún gbogbo ayé pé eré ni.

Àyájọ́ ìgbéyàwó wọn wá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Káfíńtà ló ní àfi káwọn pe èèyàn. Ìyá rẹ̀ wá, ó wọ bàtà tó ń dún kò kò kò. Ẹ̀gbọ́n Oníbúrẹ́dì wá, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó ń fi mọ́tò rẹ̀ kó èrò. Ayùn àti káfíńtà méjì míì wá, obìnrin méjì sì wá láti ilé búrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ti yan kéèkì, ó fi ṣúgà funfun kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí i. Wọ́n fẹ́ bàlúùnù, wọ́n so wọ́n mọ́ fèrèsé. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n tan tẹlifíṣàn. Àfi bí ẹni pé wọ́n mọ̀: ìjà ọjọ́ náà, Gìrìpá àti Ejò ni.

Gbogbo ilé pín sí méjì. Ìyá Ọkọ ń gbè sẹ́yìn Gìrìpá, ó ń fi bàtà lu ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń gbè sẹ́yìn Ejò nítorí àbúrò rẹ̀. Ejò jẹ ìyà débi pé ojú rẹ̀ kan wú dí, Gìrìpá gbé e sókè bí àpò, ó sì là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo lù, Ejò yọ́ gba abẹ́ apá rẹ̀, ó gùn ún lẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn, òmìrán náà sì wó lulẹ̀ bí ilé. Wọ́n gbé ọwọ́ Ejò sókè.

"Ẹ ò rí i!" Ayùn bú sẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn kan nínú ilé wọn náà nìyẹn. Ìyàwó Oníbúrẹ́dì, ǹjẹ́ mo parọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Ọkọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni pé ó ń dá ọ, ọmọ mi?" Káfíńtà dìde. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé kéèkì kúrò lórí tábìlì àárín, ó gbé e ka orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì ti tábìlì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ jókòó dáadáa," ó ní. "Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fi tiwa hàn yín."

Wọ́n hó yèè. Oníbúrẹ́dì lọ bá a, ó sọ ọ́ sí i létí, "Ìka mi ò tíì jinná."

"Díẹ̀ báyìí ni. Má dójú tì mí lójú ìyá mi."

Oníbúrẹ́dì wo ojú rẹ̀, ó sì ro ohun kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè rò ó. Ó ní òun á ṣubú fún un. Òun á jẹ́ kó borí kíákíá lójú Ayùn, lójú ìyá rẹ̀, lójú gbogbo wọn, òun á lu ilẹ̀, ó máa tán, orúkọ burúkú yẹn máa tán, ọkọ òun á sì padà sí bó ṣe wà. Áà, ọmọ ọlọ́mọ! Ó yọ yẹtí rẹ̀, ó kó o sínú ife.

Wọ́n dì mọ́ra wọn. Káfíńtà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ìkọ́ tí kò le, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ míì Oníbúrẹ́dì ò ní mira fún un. Ó jẹ́ kí ó gbé òun lọ. Ó ṣubú gbìì, ó yí dojú bolẹ̀, apá ọkọ rẹ̀ bá a lọ́rùn. Kò tíì fún un rárá tó fi lu ilẹ̀. Pà, pà, pà.

"Ó ń fi í ta ọ́ lọ́rẹ ni!" Ayùn fò dìde lórí àga. "Ẹ gbà mí o, ó ń ṣàánú rẹ̀ ni! Ó dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀!"

Ẹ̀rín ta lójijì, ó kún pálọ̀. Oníbúrẹ́dì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí apá tó wà lọ́rùn rẹ̀ yí padà. Ó ti ń rọ̀, ó wá le bí igi. Káfíńtà fa orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó ki egungun ọwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ gògóńgò rẹ̀, ó fún un.

Oníbúrẹ́dì lu ilẹ̀. Pà, pà, pà. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e, bí àwọn òǹwòran ṣe máa ń ṣe lórí tẹlifíṣàn. Ó tún lù ú, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn wá mú un. Pà, pà, pà! Bó ṣe ń lu ilẹ̀ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́, bó bá ti yára ni àwọn náà ń yára. Wọ́n rò pé òun ló ń dá ìlù fún wọn. Ó ń gbọ́ bàtà Ìyá Ọkọ, kò kò kò. Ó ń gbọ́ àwọn obìnrin ilé búrẹ́dì tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Àtẹ́wọ́ tó sún mọ́ ọn jù ti òkè orí rẹ̀ wá, ó le, ó sì bára mu: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ sí bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó lù ú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hó, "Dìde, àbúrò mi! Má gbà fún un!"

Ojú rẹ̀ ń ṣú. Ahọ́n rẹ̀ ti jáde. Nǹkan kan fọ́ nínú ọ̀fun rẹ̀ bí èèpo ẹyin. Ó wá yé e pé kò sí ẹni tó ń bọ̀, pé bí wọ́n ṣe máa pàtẹ́wọ́ títí òun á fi kú nìyí, wọ́n á sì dúró kí òun dìde.

Ó kó gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ jọ, ó fi ẹ̀yìn orí gbá a lójú. Imú Káfíńtà fọ́. Ó tún gbá a, ó sì sọ ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́ níhà, ìgbọ̀nwọ́ tó fi ń tẹ ìyẹ̀fun. Apá tó wà lọ́rùn rẹ̀ tú. Ó rá jáde, ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú bí ẹni tó ń fa okùn láti inú kànga. Àtẹ́wọ́ wá di ariwo. Káfíńtà dìde, ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ṣe àyájọ́. Ó di irun ìyàwó rẹ̀ mú, ó fà á dìde, ó fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lẹ́nu. Ó tún gbá a. Ẹ̀ẹ̀kẹta gbé e lu kọ́bọ́ọ̀dù, kéèkì wó lulẹ̀, eyín kan bọ́ sórí ṣúgà.

Ilé dákẹ́. Bí ẹnì kan bá ti dìde nígbà yẹn ni!

"Ẹ̀jẹ̀ gidi!" Ayùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àwọn èèyàn yìí mọ̀ ọ́n ṣe ju ti tẹlifíṣàn lọ!"

Ni wọ́n bá tún bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ kí ara òun balẹ̀. Káfíńtà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó gbé e sókè bíi ti Ejò, ó ní, "Ẹ kí ìyàwó mi!" Wọ́n kí i. Oníbúrẹ́dì la ẹnu láti sọ fún wọn. Ohùn ò jáde. Ó tún gbìyànjú, afẹ́fẹ́ lásán ló dún. Ìyá Ọkọ fi aṣọ ìnuwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ máa rọra ṣeré yín o, ẹ ò tíì bímọ."

Àwọn àlejò ò pẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n rántí iṣẹ́ ọ̀la. Káfíńtà ki òwú bọ imú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń kó bàtà wọn, ó tẹ̀ sétí ìyàwó rẹ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n lọ tán," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ tán."

Oníbúrẹ́dì gba báàgì Ìyá Ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣíwájú, ó ń sìn wọ́n. Ta ló máa ní kó má sin àlejò? Kò wọ bàtà. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n kọjá lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ìsàlẹ̀, tó yọjú, tó rẹ́rìn-ín sí wọn. "Ẹ kú ayẹyẹ o. Mo gbọ́ yín!" Lójú títì, Ìyá Ọkọ gba báàgì rẹ̀, ó bá àwọn káfíńtà wọ mọ́tò. "Ó tó báyìí, padà sílé, ọkọ ẹ ń dúró." Oníbúrẹ́dì bá àwọn obìnrin ilé búrẹ́dì dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Ó di apá ọ̀kan mú, ó ń nawọ́ sí ọrùn ara rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, fi omi gbígbóná sí i," ìyẹn ní. "Ó tó, padà." Bó ṣe ń rìn, gbogbo wọn ń dá a padà, tìfẹ́tìfẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀.

"Ó tó, àbúrò mi. Padà sílé."

Oníbúrẹ́dì ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó wọlé, ó sì tì í.

"Kí ló dé? Ṣé ilé wa lo fẹ́ sùn ni?" Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó fi ìka kan gíláàsì. Nígbà yẹn ni Káfíńtà yọ láti inú ilé. Ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un kó sọ̀kalẹ̀. Eré la ń ṣe."

"Kí lò ń fi òòlù ṣe?"

"Eré ni, Ẹ̀gbọ́n." Ó sì sọ òòlù náà mọ́ gíláàsì tó wà níbi ojú ìyàwó rẹ̀.

Gíláàsì fọ́ yángá sí i lára. "Eré ni!" Ó tún sọ ọ́, ó fi òòlù gbá òrùlé mọ́tò. "Ṣebí ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀! Eré la ń ṣe!" Ẹ̀gbọ́n fò mọ́ ọn, ó di apá rẹ̀ mú, òòlù sì gbá a lọ́rùn ọwọ́, egungun dún. Ó pariwo. Ó fi èjìká ti àna rẹ̀ ṣubú, ó sáré yípo, ó wọ ìdí ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo wá ojú ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa wọ̀. Káfíńtà ti dìde. Ó ti ki ọwọ́ gba ojú gíláàsì tó fọ́, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn aṣọ, ó ń fà á jáde sórí àfọ́kù. Oníbúrẹ́dì bu ọwọ́ náà jẹ, ó bù ú jẹ délẹ̀, kò tú u sílẹ̀ títí mọ́tò fi ta gììrì. Mọ́tò wọ́ Káfíńtà dé iwájú ilé kejì kí ó tó já bọ́. Wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń pariwo rẹ̀ fún àwọn tó jáde wá wò ó, pé eré ni, eré ni.

Ẹ̀gbọ́n wakọ̀ títí wọ́n fi jáde kúrò ní àdúgbò náà. Ó gbé ọwọ́ tó kán lé itan, ó ń fi èkejì darí ọkọ̀, òógùn bò ó lójú. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo ọrùn náà, tó ti wú, tí ojú ibi tí apá gbà yípo rẹ̀ ti dúdú. Ó tún wo títì.

"Ṣé ó ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Oníbúrẹ́dì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Nígbà tí ò ń lu ilẹ̀ yẹn," Ẹ̀gbọ́n ní. "Nígbà tó o lu bàtà mi."

Oníbúrẹ́dì kọjú sí i, ó wò ó, kò gbé ojú kúrò. Ọkọ̀ ń rá díẹ̀díẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Ẹ̀gbọ́n ò mọ̀, àfi ìgbà tí táyà gun òkúta. Ó dúró. Ó fi iwájú orí lé ọwọ́ ọkọ̀.

"Mo pàtẹ́wọ́," ó ní. "Àbúrò mi, mo pàtẹ́wọ́ fún un."

Ó sọ ọ́ títí, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń retí kí ó dá òun lóhùn. Oníbúrẹ́dì ò ní ohùn tó lè fi dá a lóhùn. Ká tilẹ̀ ló ní in, kò ní sọ fún un pé kò sí nǹkan. Ó na ọwọ́, ó tún yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dáhùn, ó sì nawọ́ sí iwájú, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwòsàn sí.